Ẹ̀sùn Tí Fáírọ́ọ̀sì Kò Jẹ̀bi Rẹ̀

Bí láptọ́ọ̀pù bá dákú lójijì ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí ojú rẹ̀ di búlúù, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Wọ́n á ní kí wọ́n fọ́mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu díìsìkì rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì fi Windows tuntun sí i. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń dá ní Ìlobùú tó fara tì í, ní Òṣogbo, títí dé Computer Village ní Ìkẹjà, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ohun tí fọ́mátì ń ṣe ti mọ̀ pé owó rẹ̀ ni òun máa san. Ìdájọ́ náà kò tọ̀nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, dráífà ló dá kọ̀ǹpútà yẹn dúró, kọ̀ǹpútà sì ti kọ orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Fọ́mátì ló ń pa àkọsílẹ̀ ọ̀hún rẹ́.

Ohun tó ń bá àkọsílẹ̀ náà lọ pọ̀. Ìfọ́n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolu, iṣẹ́ ìwé kì í sì í tán níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ṣoṣo, prọ́jẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ lè wà níbẹ̀, kí ìwé àdéhùn ilẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìbéèrè ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ètò ìsìnkú. Orí Desktop ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó gbogbo rẹ̀ sí, inú C: sì ni Desktop wà. Bí wọ́n bá ti fọ́mátì C: láìkó nǹkan kúrò, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ni iṣẹ́ á káwọ́ lérí, ẹni tó fọ́mátì á sì ní fáírọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ́.

Dráífà ni ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ohun èlò kan ṣiṣẹ́ pọ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Wi-Fi, kámẹ́rà, díìsìkì, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ohun èlò náà ló sábà ń kọ dráífà rẹ̀, kì í ṣe Microsoft. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Bí Word bá ṣìnà, Windows á pa Word nìkan, ìyókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ dráífà kò sí níbi tí Word wà. Inú kẹ́nẹ́ẹ̀lì, àárín gbùngbùn Windows fúnra rẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mórì, Windows kò lè mọ ohun tó ti bàjẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó ṣì pé, nítorí náà ó máa ń dá ara rẹ̀ dúró kí fáìlì má baà bàjẹ́ kún un. Àmọ̀ọ́mọ̀ ni ìdúró yẹn. Láti ọdún 2025 ni Microsoft ti ń sọ ojú búlúù náà di dúdú nínú Windows 11, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 2003, Michael Swift, Brian Bershad àti Henry Levy ní Yunifásítì Washington kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí wọn pé dráífà ló fa ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìdákú Windows XP tí wọ́n ròyìn lásìkò náà. Nígbà tí Windows Vista dé ní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tíì parí dráífà wọn, ojú búlúù sì gba ìgboro. Ìwé tí ẹjọ́ kan tú síta ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008 fi hàn pé nínú ìdákú Vista tí Microsoft kọ sílẹ̀, dráífà Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì àwòrán, nìkan ló ni ìdá 28.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ATI jẹ́ 9.3, ti Intel jẹ́ 8.8. Nọ́ńbà àtijọ́ ni lóòótọ́. Windows ti lágbára sí i, Microsoft sì ń yẹ dráífà wò kó tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n inú kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ dráífà ṣì wà, púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní Ìfọ́n kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe lánàá.

Fáírọ́ọ̀sì wá ńkọ́? Ẹni tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì lónìí fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́, kó lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì, tàbí kó ti fáìlì pa títí wọn yóò fi sanwó ìtúsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń dákú ní gbogbo ìgbà kò wúlò fún olè. Ìgbà kan wà tí ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì kò mọ́, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2010, Microsoft gbé àtúnṣe MS10-015 jáde, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú búlúù lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Orí àtúnṣe náà ni gbogbo èèyàn di ẹ̀bi lé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí ìdákú náà, wọ́n rí i pé ohun burúkú kan tó ń jẹ́ Alureon ti wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn tẹ́lẹ̀, inú fáìlì bí atapi.sys ló sì sá pamọ́ sí. Dráífà díìsìkì ni atapi.sys. Níbi tí fáírọ́ọ̀sì ti jẹ̀bi gan-an, ìwádìí ni wọ́n fi mú un, inú dráífà ni wọ́n sì ti mú un.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí aago márùn-ún òwúrọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá ní Nàìjíríà, CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò ààbò fún kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, fi fáìlì tuntun kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Dráífà wọn tó ń jẹ́ csagent.sys ló máa kà á. Ohun 21 ni ìlànà tuntun náà ń retí, 20 péré ni ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà ní láti fún un. Dráífà náà nawọ́ sí ìkọkànlélógún tí kò sí, ó fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀, Windows sì dá ara rẹ̀ dúró. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ kọ̀ǹpútà ló dákú. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta ní Amẹ́ríkà fagi lé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje ìrìn àjò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ètò tí ọ̀pọ̀ dókítà ìdílé (GP) ní England fi ń wo ìwé aláìsàn dáṣẹ́ sílẹ̀. Báǹkì Capitec ní South Africa náà fara gbá a. Ìbẹ̀rù gbòde débi pé George Kurtz, ọ̀gá CrowdStrike, ní láti sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe ìkọlù àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Báwo ni wọ́n ṣe tún un ṣe? Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ Safe Mode, wọ́n lọ sí C:\Windows\System32\drivers\CrowdStrike, wọ́n pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́, wọ́n sì tún un tàn. Èyí tí BitLocker, ètò tí Windows fi ń ti díìsìkì, bá tì, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 kí wọ́n tó lè wọlé. Iṣẹ́ náà ṣòro nítorí pé kọ̀ǹpútà pọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ wọn gba pé kí èèyàn dúró níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìlànà tí CrowdStrike fi síta kò ní kí ẹnikẹ́ni fọ́mátì. Fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n yọ, ohun tí àwọn èèyàn kó sínú kọ̀ǹpútà wọn sì wà níbi tó wà.

Ó yẹ kí irú ẹ̀sùn yìí yé Ìfọ́n ju ìlú mìíràn lọ. Nínú ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n tí wọ́n ń bọ ní Ìfọ́n, òrìṣà aláṣọ funfun náà gbéra láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ó rí ẹṣin ọba tó já lójú ọ̀nà, ó mú un kó lè dá a padà, wọ́n bá pè é lólè, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, irè oko kò ṣe, aboyún kò rí ọmọ gbé jó. Ìgbà tí wọ́n wádìí lọ́dọ̀ Ifá ni wọ́n tó mọ̀ pé aláìṣẹ̀ ló wà látìmọ́lé. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rí kò mú kí òjò rọ̀. Ìwádìí ló mú un rọ̀. Windows tí wọ́n ń nù kúrò lórí díìsìkì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ dráífà Wi-Fi, aláìṣẹ̀ ni òun náà.

Àwọn tó ń gbèjà fọ́mátì ní èsì kan tó lágbára: wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá fi Windows tuntun sórí díìsìkì, dráífà gbogboògbò tí Microsoft kó sínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lò. Àwòrán lè má dán, Wi-Fi lè má gbé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á dìde. Oníbàárà á sanwó, á gbé e lọ sílé. Bó bá padà dé pé Wi-Fi kò ṣiṣẹ́, wọ́n á ki fláàṣì tó kún fún àpapọ̀ dráífà bọ̀ ọ́, àpapọ̀ tí wọ́n ti ń gbé kiri láti ọdún mélòó kan, wọ́n á sì ní kó gba gbogbo rẹ̀. Dráífà tó dá kọ̀ǹpútà dúró tẹ́lẹ̀ á tún bá a wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú búlúù dé. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì náà lágídí, tàbí kí wọ́n ní láptọ́ọ̀pù ti gbó, kí wọ́n lọ ra òmíràn.

Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ ní ọ́fíìsì ní Britain tàbí Amẹ́ríkà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Windows 7 ni wọ́n kọ dráífà àwọn kan nínú wọn fún. Microsoft sì ti dá àtúnṣe Windows 7 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ó dá ti Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Nínú ẹ̀rọ Intel, ìran kẹjọ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ẹni tó fi agídí gbé Windows 11 sórí láptọ́ọ̀pù ìran kẹta, tó tún gbé dráífà àwòrán àtijọ́ lé e, kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bó bá dákú. Àwọn olùtajà kan sì wà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà díìsìkì kan náà sórí oríṣiríṣi láptọ́ọ̀pù, tí HP, Dell àti Lenovo á fi máa lo dráífà ara wọn. Ọjọ́ tí oníbàárà rà á ni ìdákú ti wà nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ju agbára ẹnikẹ́ni tó mọ fọ́mátì lọ.

Kí wọ́n kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán ojú búlúù náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ nǹkan. DRIVER_IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL ń sọ pé dráífà kan fọwọ́ kan mẹ́mórì lásìkò tí kò yẹ. VIDEO_TDR_FAILURE ń sọ pé Windows pe dráífà àwòrán títí, kò dáhùn. Nígbà mìíràn orúkọ fáìlì gan-an máa ń wà níbẹ̀: nvlddmkm.sys jẹ́ ti Nvidia, atikmdag.sys ti AMD, igdkmd64.sys ti àwòrán Intel, Netwtw04.sys ti Wi-Fi Intel. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tẹ Shift mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tẹ Restart, kí wọ́n sì tọ ibẹ̀ wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń lo ìwọ̀nba dráífà tí kò ṣeé má nìí. Kọ̀ǹpútà tó bá lo wákàtí méjì nínú Safe Mode láìdákú, tí kò sì lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóde, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ tán.

Àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú C:\Windows\Minidump, fáìlì kékeré kan fún ìdákú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. BlueScreenView tí Nir Sofer kọ máa ń ṣí i, á sì fi àwọ̀ tọ́ka sí dráífà tó fura sí. Ọ̀fẹ́ ni, fláàṣì tó kéré jù lọ gbà á. WinDbg ti Microsoft jinlẹ̀ jù ú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni òun náà. Kíkà yìí gba òye. Bí ntoskrnl.exe bá yọ, kí wọ́n má tètè dá a lẹ́bi: ọkàn Windows ni, ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń bá òkú láìjẹ́ pé òun ló pa á. Bí fáìlì mẹ́rin bá dárúkọ dráífà kan náà, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Bí orúkọ bá ń yí padà nígbà gbogbo, kí wọ́n fi MemTest86 yẹ RAM wò, nítorí RAM tó bàjẹ́ máa ń kó ẹ̀bi bá dráífà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ooru náà lè dá kọ̀ǹpútà dúró, díìsìkì tó ń kú lọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Dráífà nìkan kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ láyé. Ẹjọ́ tí wọ́n ń dá láìbéèrè ni àròkọ yìí ń bá jà.

Bí orúkọ bá ti hàn, Device Manager ló kù. Bí ìdákú bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí dráífà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, Roll Back Driver á dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n wo nọ́ńbà tó wà nídìí láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n sì gba dráífà tó bá nọ́ńbà yẹn mu lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èyí tó bá ṣì fara pamọ́, Driver Verifier wà nínú Windows láti ìgbà Windows 2000. Ó máa ń fòòró dráífà tí wọ́n bá yàn kí ẹlẹ́bi lè tètè ṣubú. Kó tó di pé wọ́n tan án, kí wọ́n ṣe restore point, kí wọ́n sì mọ̀ pé verifier /reset nínú Safe Mode ló ń pa á.

Ìgbàgbọ́ mìíràn wà tó bá ti fáírọ́ọ̀sì rìn, pé èyí tó bá tuntun jù ló dára jù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2021, Microsoft gbé KB5000802 jáde fún Windows 10. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kyocera, Ricoh tàbí Zebra kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú búlúù bí wọ́n bá ti ní kó tẹ̀wé: APC_INDEX_MISMATCH, pẹ̀lú orúkọ win32kfull.sys. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń fi ìwé títẹ̀ jẹun. Bó bá fọ́mátì, tí Windows sì tún gba àtúnṣe kan náà padà, ojú búlúù ń dúró dè é níbẹ̀. Bó bá ka orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, á yọ KB5000802 kúrò, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù yẹn kan náà ni Microsoft gbé àtúnṣe mìíràn síta.

Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àwíjàre, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Iná kì í dúró. Dátà wọ́n. Oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún yíyẹ̀wò; ó fẹ́ rí iṣẹ́, fọ́mátì sì jẹ́ iṣẹ́ tó hàn sójú. Èyí tó kẹ́yìn yìí, òótọ́ ni, oníbàárà ló sì ni ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó ń sanwó fún dókítà kó lè mọ ohun tó ń ṣe é kò yẹ kó binú bí ẹni tó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún wákàtí kan bá béèrè owó. Ṣùgbọ́n ti iná àti dátà kò dúró níbì kan. Fáìlì Windows 10 kan ju gígábáìtì mẹ́rin lọ; dráífà Wi-Fi kan kò tó ìdá kan nínú ogún rẹ̀. Fọ́mátì gba kí wọ́n tún fi Windows, Office, dráífà gbogbo àti ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí i, kí iná má sì lọ láàárín rẹ̀. Kíka Minidump kò gba íntánẹ́ẹ̀tì, bátìrì láptọ́ọ̀pù mìíràn á sì gbé e dé òpin.

Àṣà dídájọ́ ṣáájú ìwádìí yìí ti jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí èsì UTME ọdún 2025, ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, jáde, nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dín púpọ̀ sí mílíọ̀nù méjì, àwọn tí kò gba 200 nínú 400 ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Kíá ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti dá ẹjọ́ pé àwọn ọmọ kì í kàwé mọ́, pé orí fóònù ni wọ́n ń sùn. Nígbà tí igbe pọ̀ tí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà, sì yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn, jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ó sì sunkún níwájú àwọn oníròyìn: àtúnṣe ètò kan tó yẹ kó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà sáfà ní Èkó àti ní ẹkùn Owerri kò dé orí wọn. Ibùdó 157 ló kàn, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n sì ní kó tún ìdánwò ṣe. Dráífà kọ́ ló ṣe èyí, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá ìgbà mu ni, àwọn ọmọ tí kò mọ ohunkóhun nípa sáfà ló sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ lẹ́nu ayé.

Fọ́mátì ní àyè tirẹ̀. Bí ètò ààbò bá ti rí fáírọ́ọ̀sì tó ti wọ Windows lára, tí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀, tàbí bí fáìlì Windows bá ti bàjẹ́ tí àwọn àṣẹ àtúnṣe Windows, sfc /scannow àti DISM, kò lè tún un ṣe, kí wọ́n fọ́mátì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó iṣẹ́ oníbàárà pamọ́. Ohun ìkẹyìn ni, kò yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́.

Àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ní Ìfọ́n àti Ìlobùú lè yí èyí padà láìdúró de ìjọba. Kí ọmọ iṣẹ́ kan má gba fírídọ̀mù títí wọn yóò fi gbé láptọ́ọ̀pù tó ń dákú síwájú rẹ̀, kó ṣí Minidump, kó dárúkọ dráífà tó fà á, kó fi èyí tó tọ́ rọ́pò rẹ̀, kí fáìlì tó wà lórí Desktop sì pé bó ṣe bá a. Oníbàárà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé fáírọ́ọ̀sì ni, kó béèrè orúkọ fáírọ́ọ̀sì náà. Bí wọn kò bá lè dárúkọ rẹ̀, kó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa kà á.